Bàálù tí mo fọwọ́ ara mi tò ń gbọ̀n tó bá ti ń dé 5,000 RPM: ṣé báláǹsì pùròpẹ́là ni?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Kent

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàálù oníjókòó méjì ni mo tò láti inú kíìtì. Ẹ́ńjìnnì Rotax 912 ULS ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ní agbára ẹṣin 100. Pùròpẹ́là rẹ̀ jẹ́ carbon fibre alápá mẹ́ta, irú èyí tí èèyàn máa ń yí apá rẹ̀ sí dígírì tó bá fẹ́ nígbà tí bàálù bá dúró lórí ilẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ti jáde, ó sì ń fò dáadáa.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà láàárín 4,800 sí 5,200 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ibi tí mo sì ti ń fò jù nìyẹn, gbígbọ̀n á máa gun àtẹ́lẹsẹ̀ mi lórí pẹ́dàlì, ojú kọ́ńpáàsì á sì máa jì débi pé n kò ní lè ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Tí mo bá fà á wálẹ̀ sí 4,000, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Ẹnì kan tí bàálù tiẹ̀ wà ní hángà kan náà pẹ̀lú tèmi ní kí n ra òjé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wíìlì mọ́tò, kí n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú spinner, fìlà tó bo àárín pùròpẹ́là, díẹ̀díẹ̀ títí gbígbọ̀n náà á fi lọ. Ẹlòmíì ní kí n háyà ẹ̀rọ báláǹsì, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n.

BàbáHángà, Ìkẹjà

Àbúrò, kú iṣẹ́. Kì í ṣe ohun kékeré ni kí èèyàn to bàálù, kó sì gbéra. Ṣùgbọ́n má tíì lẹ òjé kankan mọ́ ibì kankan.

Òjé kì í wo ohun tó ń fa gbígbọ̀n sàn. Ó kàn ń fa òdìkejì rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ìwúwo pùròpẹ́là ni kò dọ́gba lóòótọ́, òjé á ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, òjé á kàn bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ ni, ọjọ́ tí nǹkan ọ̀hún bá wá burú sí i, o kò ní tètè mọ̀. Nítorí náà, báláǹsì ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti tọ́ ni a máa ń dé orí rẹ̀.

Kí o tó fọwọ́ kan pùròpẹ́là rárá, pa ignition méjèèjì, yọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpò rẹ, fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, so ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yọ púlọ́ọ̀gì kan lára sílíńdà kọ̀ọ̀kan kó lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà tó máa ń yí sí tó bá ń ṣiṣẹ́ ni kí o máa yí i sí. Rotax kò fẹ́ kí a máa yí òun sẹ́yìn, torí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ wọ ọ̀nà ọ́ìlì. Pùròpẹ́là tí a rò pé kò lè jí ti gé ọwọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ.

Ó yá, kọ́kọ́ lọ sórí bọ́ọ̀tì. Fi torque wrench, spánà tó ń ka bí bọ́ọ̀tì ṣe le tó, yẹ gbogbo wọn wò, kí iye rẹ̀ jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe pùròpẹ́là kọ sínú ìwé, kì í ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ sọ pé ó tó. Lẹ́yìn náà ni track, ìyẹn ni pé ṣé ojú ọ̀nà kan náà ni ṣóńṣó apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà kọjá. Gbé igi kan tó dúró gbọn-in síwájú, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣóńṣó apá kìíní, kí o wá yí pùròpẹ́là kí apá kejì dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Wọn àlàfo tó wà láàárín igi àti apá kọ̀ọ̀kan. Ìlànà FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, gba ìyàtọ̀ 1/16 íńṣì láyè fún pùròpẹ́là onírin tí ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, ó gba 1/8 íńṣì fún ti onígi. Ti carbon bíi tìrẹ, ìwé tó bá a wá ni kí o tẹ̀ lé.

Wá wọn dígírì apá kọ̀ọ̀kan. Fi bírò sàmì sí ibì kan náà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí jíjìnnà rẹ̀ sí ṣóńṣó dọ́gba, kí apá tí o bá ń wọ̀n sì máa wà ní ipò kan náà, bíi ọwọ́ aago mẹ́sàn-án, kí dídagun bàálù má baà tàn ọ́ jẹ. Kábúrétọ̀ ló gbẹ̀yìn: méjì ló wà lórí 912, ọ̀kan ń bọ́ sílíńdà méjì lápá ọ̀tún, èkejì ń bọ́ méjì lápá òsì. Bí wọn kò bá ṣí ní ọgbọọgba, ẹ́ńjìnnì á máa jì bí ẹni ibà ń ṣe, gbogbo òjé ayé kò sì ní dá a dúró.

Wọn gbogbo rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o tó wá.

Ayọ̀_RV6, Houston

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo fara mọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lórí bọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n èrò mi yàtọ̀ díẹ̀ lórí yòókù. Kí ó háyà ẹ̀rọ náà ní tààrà. Ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320 ló wà nínú bàálù RV-6 tèmi, pùròpẹ́là rẹ̀ sì jẹ́ irin alápá méjì tí kò ṣeé yí. Lẹ́yìn tí a fi ẹ̀rọ ṣe báláǹsì rẹ̀, ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ nínú ara bàálù pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè sọ. Àwọn ìdè kéékèèké tó máa ń tú lára bónẹ́ẹ̀tì kò tú mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí fún ẹni tí kò rí i rí. Wọ́n á de sẹ́ńsọ̀ kékeré kan mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, níwájú, bó ṣe lè sún mọ́ pùròpẹ́là tó. Wọ́n á lẹ téèpù tó ń tan iná padà mọ́ ẹ̀yìn apá kan, iná kékeré á máa wò ó kí ẹ̀rọ lè mọ ìgbà tí apá yẹn bá kọjá. Bónẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti gbóná, imú bàálù gbọ́dọ̀ kọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, torí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ á ba gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń kà jẹ́. A sáré rẹ̀ ní 2,300 RPM. Ẹ̀rọ á sọ bí gbígbọ̀n náà ṣe tó àti ìhà ibi tí ìwúwo wà. A fi wáṣà díẹ̀ sí ibì kan, a tún sáré rẹ̀, ẹ̀rọ á fi ìyàtọ̀ méjèèjì ṣírò ibi tí wáṣà gbọ́dọ̀ wà àti iye rẹ̀.

IPS ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn íńṣì tí ẹ́ńjìnnì ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan bó ṣe ń gbọ̀n lọ tó ń gbọ̀n bọ̀. Àwọn oníṣẹ́ yìí ka 0.07 sí pé ó dára gan-an. Lókè 0.2, wọ́n á ní kí a ṣì máa ṣiṣẹ́ sí i. Tó bá ti kọjá 1, wọ́n á ní kí a tú pùròpẹ́là sílẹ̀ ká lọ wò ó dáadáa.

BàbáHángà, Ìkẹjà

Ayọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ tọ́ fún pùròpẹ́là tìrẹ. A mọ RV yẹn nílé: bàálù Air Beetle tí ilé iṣẹ́ AIEP tò ní Kaduna fún àwọn ọmọ ogun òfurufú wa, RV-6A ló jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Irin kan ṣoṣo tí wọ́n gé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni pùròpẹ́là rẹ, apá kan kò lè yí kúrò lọ́dọ̀ èkejì. Ti àbúrò wa ní apá mẹ́ta tí ọwọ́ èèyàn ló yí wọn sí ipò. Ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀. Mi ò tíì wa bàálù rí, ṣùgbọ́n ìṣirò tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí wù mí, ẹ jẹ́ kí n fi kún un, torí ó lè dín owó tí ẹ̀gbọ́n wa ní Kent fẹ́ ná kù.

Gíabọ́ọ̀sì 912 ULS ń dín yíyí kù ní 2.43 sí 1. Tí géèjì bá ń ka 5,000, pùròpẹ́là fúnra rẹ̀ ń yí ní bíi 2,058 péré. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 34 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Crankshaft, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ara rẹ̀, ń yí nígbà 83 ní tirẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti ìwúwo pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n nígbà 34, kò lè ṣe kó máà rí bẹ́ẹ̀. Kábúrétọ̀ ńkọ́? Crankshaft máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jó tán, torí náà, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá lágbára ju èkejì lọ, gbígbọ̀n rẹ̀ á wá ní ìdajì 83, ìyẹn bíi 42.

Ẹ wo 34 àti 42. Àtẹ́lẹsẹ̀ kankan kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ lè máa bá pùròpẹ́là jà nígbà tó jẹ́ pé kábúrétọ̀ ló ń ṣe yín.

Fóònù yín lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Àwọn ará yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ phyphox, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè pín gbígbọ̀n sí iye ìgbà tó ń wáyé ní ìṣẹ́jú àáyá, kó yà á bí òkè gíga àti kékeré. Ẹ de fóònù mọ́ ibi tó le nínú bàálù, kì í ṣe orí tìmùtìmù, kí ẹnì kejì wà níbẹ̀ tó ń wo fóònù kí ojú ẹni tó ń wa bàálù má baà kúrò níta. Ẹ kíyè sí i pé fóònù tó ń ka nǹkan nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kò lè rí ohun tó bá ju 50 lọ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n 34 àti 42 kò kọjá agbára rẹ̀. Ẹ má fi mọ bí gbígbọ̀n náà ṣe tó o, torí rọ́bà tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ìjókòó. Irú èyí tó jẹ́ nìkan ni ẹ máa fi mọ̀.

Ohun kan kù. Ká ní gíráàmù 10 péré ni apá kan fi wúwo jù, tó sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀, 86 sẹ̀ńtímítà sí àárín. Ní 2,058 RPM, ó ń fa họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín tí àwọn apá ti so pọ̀, bíi kí èèyàn so ẹrù kílò 40 mọ́ ọn, ìhà tó ń fà á sí sì ń yí po nígbà 34 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Gíráàmù 10 yẹn kan náà lára spinner, 12 sẹ̀ńtímítà sí àárín, kò fà tó kílò 6. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ ní ṣóńṣó apá fi ń béèrè wáṣà púpọ̀ ní àárín.

Ṣadé_Manchester

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ìbéèrè kékeré: kí ló dé tó fi jẹ́ 5,000 ló ti ń gbọ̀n, tí 4,000 kò sì ní nǹkan ṣe? Ìwúwo yẹn kò ṣáà kúrò níbẹ̀.

Tíṣà_Físíìsì, Abẹ́òkúta

Nǹkan méjì ni, àǹtí. Agbára tó ń fà yẹn kì í bá RPM gòkè ní ọgbọọgba. Láti 4,000 dé 5,000, RPM fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, ṣùgbọ́n agbára náà á lé sí i ju ìdajì lọ. Èkejì ni pé gbogbo ohun tí a gbé sórí rọ́bà ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n. Bí pùròpẹ́là bá ń yí sún mọ́ iye yẹn, pẹ́dàlì, dáṣíbọ́ọ̀dù àti kọ́ńpáàsì á bá a jó. Tó bá kọjá rẹ̀, wọ́n á tún sinmi.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Kent

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti wọn ohun tẹ́ ẹ ní kí n wọ̀n.

Torque bọ́ọ̀tì pé. Track: apá kejì ta síwájú ju àwọn yòókù lọ ní mílímítà 2. Dígírì: apá kìíní àti ẹ̀kẹta dọ́gba, apá kejì fi 0.6 dígírì jù wọ́n lọ. Kábúrétọ̀: géèjì fi hàn pé wọ́n yàtọ̀ síra díẹ̀, mo sì ti mú wọn dọ́gba.

Lórí phyphox, kí n tó fọwọ́ kan kábúrétọ̀, òkè méjì ló hàn ní 5,000 RPM, ọ̀kan gíga ní 34, ọ̀kan tó kéré sí i ní 42. Lẹ́yìn tí mo ṣe kábúrétọ̀ tán, ti 42 fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ti 34 kò yẹsẹ̀ rárá.

BàbáHángà, Ìkẹjà

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Apá tó bá fi 0.6 dígírì jù á máa gbá afẹ́fẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń fa họ́ọ̀bù síwájú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ń yí po pẹ̀lú pùròpẹ́là, torí náà ìgbà 34 kan náà ni gbígbọ̀n rẹ̀ máa wá. Ayọ̀, ibi tí mo ń bá ọ lọ nìyí. Ẹ̀rọ báláǹsì kò mọ̀ bóyá ìwúwo ló ń fà á tàbí afẹ́fẹ́. Gbígbọ̀n kan ṣoṣo ló rí. Yóò ní kí o fi wáṣà síbẹ̀, o máa fi í, nọ́ńbà á wálẹ̀ ní RPM tí o fi wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí o bá fún un ní gbogbo agbára láti gbéra, afẹ́fẹ́ tí apá yẹn ń gbá á yàtọ̀, wáṣà kò ní yàtọ̀, àwọn méjèèjì kò ní bára mu mọ́. Gbígbọ̀n á padà wá, èèyàn á sì rò pé wáṣà ló ti bọ́.

Àbúrò, tú ìdè apá kejì, dá a padà kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Bí èyí tó ń wọn dígírì rẹ bá lè ka ìdá mẹ́wàá dígírì, kí ìyàtọ̀ wọn má ju ìdá kan tàbí méjì lọ. Lẹ́yìn torque, tún wọ̀n ọ́n, torí mímú bọ́ọ̀tì le máa ń yí apá díẹ̀. Tún yẹ track wò. Wo inú spinner pẹ̀lú: bóyá ó jókòó ṣe déédéé, bóyá kò sí ibi tó ti sán.

Ayọ̀_RV6, Houston

Bàbá, mo ti rí i báyìí. Ẹ ṣé. Irú pùròpẹ́là tèmi kò jẹ́ kí ìṣòro yẹn wá sí mi lọ́kàn.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Kent

Ó ti dọ́gba, track náà sì ti wọlé. Kọ́ńpáàsì ṣeé kà báyìí, inú mi dùn dé ibi tó lápẹẹrẹ. Ó ṣì kù díẹ̀ lórí pẹ́dàlì. Ẹnì kan ní hángà yá mi ní ẹ̀rọ tó ń ka IPS, ó ṣeé tò kó máa gbọ́ ti 34 nìkan, ṣùgbọ́n kò ní iná tó ń wo téèpù, kò lè sọ ìhà ibi tí ìwúwo wà. Ó ka 0.38 ní 5,000 RPM. Ṣé mo lè ṣe báláǹsì pẹ̀lú èyí, àbí kí n háyà odindi ẹ̀rọ?

Tíṣà_Físíìsì, Abẹ́òkúta

Ẹ lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ìwé, rúlà, protractor àti kọ́ńpáàsì tí wọ́n fi ń ya róbótó ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ẹ máa sáré ẹ́ńjìnnì, RPM kan náà, atẹ́gùn kan náà. Ẹ ti ṣe àkọ́kọ́: 0.38. Ẹ wá fi ìwúwo kan, ká ní gíráàmù 12, sẹ́yìn spinner ní ìhà apá kìíní, ẹ sáré rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sí ìhà apá kejì, ẹ tún kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Jíjìnnà rẹ̀ sí àárín kò gbọdọ̀ yí padà.

Tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kó wọn wá, a ó jọ yà á.

BàbáHángà, Ìkẹjà

Bọ́ọ̀tì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí kì í tú fúnra rẹ̀ ni o, lára pálẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn spinner, níbi tí ilé iṣẹ́ gbà láyè. Má gbẹ́ ihò kankan sára họ́ọ̀bù pùròpẹ́là. Kì í ṣe téèpù, kì í ṣe òjé tó ń lẹ̀. Bí ìṣirò Tíṣà bá tọ́, gíráàmù 12 yẹn á máa fẹ́ já sọnù pẹ̀lú agbára tó tó kílò 7. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn òjé mọ́tò kò dúró fún irú rẹ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnnì, ojú ọ̀nà tó máa gbà jáde sì ni ìwọ jókòó sí lẹ́yìn.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Kent

Nọ́ńbà rèé. Láìfi nǹkan kan sí i: 0.38. Gíráàmù 12 ní apá kìíní: 0.55. Ní apá kejì: 0.46. Ní apá kẹta: 0.20.

Tíṣà_Físíìsì, Abẹ́òkúta

Nọ́ńbà tó mọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí mílímítà kan dúró fún 0.01 IPS, ẹ wá ya róbótó kan tí àárín rẹ̀ sí etí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 38. Ẹ fi àmì mẹ́ta sí etí rẹ̀, 120 dígírì síra wọn, ẹ pè wọ́n ní apá kìíní, kejì, ẹ̀kẹta, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra lára pùròpẹ́là. Ẹ fi ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sórí àmì kìíní, ẹ ya róbótó mílímítà 55. Lórí àmì kejì, 46. Lórí ẹ̀kẹta, 20. Róbótó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé níbì kan, tàbí kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Mo yà á níbí. Ibi tí wọ́n ti pàdé jẹ́ mílímítà 20 sí àárín. Ìyẹn túmọ̀ sí pé gíráàmù 12 yín ń fa 0.20 IPS. Láti pa 0.38, ẹ nílò 12 lọ́nà 38, ẹ pín in sí 20: bíi gíráàmù 23. Ìlà láti àárín dé ibi tí wọ́n ti pàdé ló sì ń tọ́ka sí ibi tí ẹ máa gbé e sí: láàárín apá kejì àti ẹ̀kẹta, 20 dígírì péré sí ẹ̀kẹta.

Ẹ lè fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò láìya nǹkan. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta ìkẹyìn lọ́po ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ yọ 0.38 lọ́nà 0.38 kúrò. Gbòǹgbò ohun tó kù ni 0.20. Bí èyí tí ẹ yà àti èyí tí ẹ ṣírò kò bá bára mu, atẹ́gùn tàbí RPM ló yí padà láàárín, ẹ tún un sáré.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ, Kent

Kò sí ihò ní 20 dígírì yẹn gan-an. Mo pín in sí ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo wọn bọ́ọ̀tì, wáṣà àti nọ́ọ̀tì pọ̀ lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wúrà. 0.06 ló kà.

BàbáHángà, Ìkẹjà

0.06 dára gan-an. Kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gìbúùkù: ìwúwo, ihò tó wà, RPM, nọ́ńbà ṣáájú àti lẹ́yìn, kí inspector rẹ láti LAA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó bàálù kéékèèké ní UK, sì rí i. Fi kun sàmì sí họ́ọ̀bù àti fúláńjì ẹ́ńjìnnì, irin pẹlẹbẹ tí a de pùròpẹ́là mọ́, kí ẹni tó bá tú u lọ́la lè dá a padà sí ipò kan náà. Bákan náà fún spinner àti pálẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹnì kan bá yí pùròpẹ́là kúrò ní ipò yẹn, gbogbo iṣẹ́ yìí ti di òfo.

Agbẹ́gilére, Ìbàdàn

Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bínú pé mo gba ibí wọlé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kan bàálù kékeré kan, kò tíì fò. Igi ọ̀gànwó tí a lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele ni mo fi gbẹ́ pùròpẹ́là rẹ̀, alápá méjì. Mo fi ọ̀pá gba àárín rẹ̀ kọjá, mo gbé e sórí ọ̀bẹ irin méjì tí mo tẹ́ síra wọn, ó dúró jẹ́ẹ́ níbikíbi tí mo bá yí i sí. Mo gbé e ró ti ògiri fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú òjò yìí, nígbà tí mo dá a padà sórí ọ̀bẹ, apá kan ń wálẹ̀. Mi ò gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.

BàbáHángà, Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Igi tẹ́ ẹ mú kò burú, mahogany wà lára igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ pùròpẹ́là nígbà ogun àgbáyé kìíní, ọ̀gànwó wa sì jẹ́ ẹbí rẹ̀. Omi ló ṣe yín. Pùròpẹ́là onígi tí a bá gbé ró, omi inú rẹ̀ á máa lọ sí apá ìsàlẹ̀. Ibùúbùú ni kí ẹ máa gbé e sí, lórí èèkàn tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tó bá sì wà lára bàálù, ibùúbùú náà ni kí ẹ máa fi í sílẹ̀.

Ẹ má tíì ṣe báláǹsì rẹ̀ báyìí. Ẹ gbé e sínú yàrá tó gbẹ, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi fánísì bo gbogbo ara rẹ̀, títí kan inú ihò bọ́ọ̀tì àti ṣóńṣó, ibi tí omi ti ń yára wọ igi. Bí apá kan bá ṣì fúyẹ́, fánísì díẹ̀díẹ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n fi ń dọ́gba rẹ̀, kí ìkan gbẹ kí ẹ tó kun òmíràn. Bí ẹ bá fi idẹ bo etí rẹ̀, ẹ lu ihò mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mílímítà kan sí ṣóńṣó idẹ náà kí omi tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde nígbà tó bá ń yí.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù fún yín ni bọ́ọ̀tì. Pùròpẹ́là onígi kì í fi bọ́ọ̀tì gba agbára ẹ́ńjìnnì, ìfúnmọ́ra igi àti fúláńjì ló fi ń gbà á. Lásìkò òjò, igi á wú, bọ́ọ̀tì á jẹ ẹ́ wọnú. Tí ọyẹ́ bá dé, igi á sún kì, bọ́ọ̀tì kan náà á ti dẹ̀. Fúláńjì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lórí igi, á máa jó o. Tẹ́ ẹ bá tú u, ẹ máa rí i tí ojú rẹ̀ ti dúdú, tí lẹ́búlẹ́bú bí èédú wà nínú ihò, tí ihò fúnra rẹ̀ kò róbótó mọ́. Irú pùròpẹ́là bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fò. Ẹ yẹ torque wò lẹ́yìn ìfò àkọ́kọ́, lẹ́yìn wákàtí 25, àti nígbàkígbà tí ojú ọjọ́ bá yí láti òjò sí ọyẹ́ tàbí láti ọyẹ́ sí òjò. Kí gbogbo èyí tó wáyé, ẹ lọ bá NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, fún ìwé, ẹ má fò láìgba àṣẹ.

Agbẹ́gilére, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti gbé e sí ibùúbùú. Ohun kan tún wà: nígbà tí apá kan bá wà lókè tí èkejì wà nísàlẹ̀ gan-an, kì í dúró, ọwọ́ òsì ló máa ń yí sí ṣáá. Ní ibùúbùú, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

BàbáHángà, Ìkẹjà

Kì í ṣe apá ló wúwo nìyẹn, ìdí rẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ kan họ́ọ̀bù wúwo ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, fánísì ṣóńṣó kò sì lè tún un ṣe. Kọ́kọ́ fi lẹ́fẹ́lì wò ó bóyá ọ̀bẹ méjèèjì tẹ́jú dáadáa, sì ti fèrèsé kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i. Bó bá ṣì ń yí, gé idẹ pẹlẹbẹ kékeré kan, lẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù tó fúyẹ́, máa rẹ́ ẹ títí pùròpẹ́là á fi dúró lóòró láìyí. Wá fi sikúrúù onídẹ dè é mọ́ igi, kí o ka ìwúwo sikúrúù náà mọ́ ọn, kí fánísì sì bo orí rẹ̀ kí o tó tún gbé e sórí ọ̀bẹ.